Kọ̀mpútà Inú Ọ̀rá

Lọ́dọ̀ tiwa ní Mọ́wé, kò sí ẹni tó ń ra ọkọ̀ tuntun tó máa kọ́kọ́ wà á lọ síbi iṣẹ́. Ilé ìjọsìn ló ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ìlọta á pe pásítọ̀, ẹni tó kọ́lé á dúró de pásítọ̀. Mo tiẹ̀ mọ obìnrin kan ní Ìbàfò tó ra fìríìjì tí kò fi omi sí i títí pásítọ̀ rẹ̀ fi ti ìrìn àjò dé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Fìríìjì tí wọn ò tíì lò kò pa ẹnikẹ́ni lára, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà ṣeé mu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé àṣà yìí wọ inú láíbúrárì yunifásítì, inú bí mi, ó ṣì ń bí mi títí di òní, nítorí ohun tó fi ojú Ọláwuyì rí.

Orúkọ yunifásítì náà ni Ìmọ́lẹ̀-Òkè. Ó wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀fàdà, Bíṣọ́ọ̀bù kan ló sì dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2007, àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun fi kọ̀mpútà ta ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ. Wọ́n tún sanwó sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wo àkójọ ìwádìí nípa òwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó dáa gan-an. Èèyàn lè jókòó sí Mọ́wé kó sì mọ ẹni tó ni ilé iṣẹ́ kan, ẹjọ́ tí wọ́n pè é ní kóòtù, àti gbogbo ohun tí ìwé ìròyìn ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n to àwọn kọ̀mpútà náà sínú yàrá kan tó ní gíláàsì níwájú, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀, wọ́n so íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn, ó sì ṣiṣẹ́. Ni wọ́n bá tún fi ọ̀rá bò wọ́n padà, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n ní ó di ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù bá ta òróró sí wọn.

Bíṣọ́ọ̀bù wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba Amẹ́ríkà lọ. Nígbà tó dé, ó bọ́ sínú ààwẹ̀. Kọ̀mpútà wà nínú ọ̀rá.

Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́rùn rẹ̀ ni Ìyáàfin Ọmọlabí, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Mọ́mì Láíbúrárì. Kì í ṣe pé obìnrin yìí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó tún wá ń dùn mí nìyẹn. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ òwò bí a ṣe ń ṣèwádìí, ara pátákó ni ó sì ti ń kọ́ wọn. Á fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú kọ̀mpútà gàdàgbà sára pátákó, á ya àpótí kékeré sí àárín rẹ̀.

"Ibí lẹ máa tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sí," á wí bẹ́ẹ̀. "Ẹ fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, kó má lọ máa kó ohun tẹ́ ò béèrè wá bá yín. Ẹ wá yan ìwé ìròyìn. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ẹ má gba ohun tí ilé iṣẹ́ bá kọ nípa ara rẹ̀ gbọ́. Ohun tí àwọn ẹlòmíì kọ nípa rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá."

Àwọn ọmọ náà á máa fi ìka tẹ orí ìwé àkọsílẹ̀ wọn bí ẹni ń tẹ kọ̀mpútà. Nígbà ìdánwò, Mọ́láyọ̀, ọmọ Ọláwuyì, ló ṣe ipò kìíní nínú wíwá ohun tí kò wá rí lójú ayé rẹ̀.

Ọláwuyì ní ilé ìparẹsì ní Ọ̀fàdà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bó èèpo ìrẹsì, lórí ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ló ń san owó ilé ìwé Mọ́láyọ̀. Ọkùnrin náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tó bá ki ọwọ́ bọ inú àpò ìrẹsì, ó mọ ilẹ̀ tó ti wá. Ẹyọ ohun kan ló ń bà á lọ́kàn jẹ́: àwọn oníbàárà Èkó ń ráhùn pé òkúta ń ká àwọn léyín.

Ibi tí Rosemary gbà wọlé nìyẹn. Obìnrin arẹwà ni, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì kúnlẹ̀ lórí èèpo ìrẹsì pẹ̀lú aṣọ funfun láti kí Ọláwuyì. Ó ní ilé iṣẹ́ Àjùmọ̀là ló rán òun.

"Dádì, ẹ̀rọ tó máa ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ti ń bọ̀ láti Ṣáínà," ó wí. "Tiwa ni ẹ̀rọ, tiwa ni àpò tó dáa. Tiyín ni ilẹ̀ àti ilé tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣáà kó ìwé ilẹ̀ wá, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, a ó jọ ni gbogbo ẹ̀. A ní ọ́fíìsì ní Ifọ̀, ẹ wá wò ó kí ọkàn yín balẹ̀."

Ọláwuyì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Yésúfù, tí òun náà ń pa ìrẹsì, wọ́n lọ sí Ifọ̀. Wọ́n rí ọ́fíìsì, wọ́n rí fáànù, wọ́n rí ọmọbìnrin tó gbé omi tútù fún wọn, wọ́n sì rí àwòrán ẹ̀rọ lára ògiri. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni wọn ò rí. Wọ́n ní ó wà lórí omi.

Nígbà tí Mọ́láyọ̀ wá sílé lópin ọ̀sẹ̀, bàbá rẹ̀ pè é jókòó níwájú Yésúfù.

"Mọ́láyọ̀, ìwọ lo wà níbi tí ìwé wà," ó wí. "Bá mi tọpinpin àwọn èèyàn yìí. Tó o bá ní kí n ṣe é, màá ṣe é. Tó o bá ní kí n má ṣe é, mo fi ilẹ̀ tí bàbá mi sùn sí búra, mi ò ní ṣe é."

Orí Mọ́láyọ̀ wú. Ta ni bàbá rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ rí? Ó ní, "Bàámi, ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Láíbúrárì wa ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀. Ẹ ṣáà má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan."

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú tábìlì Ìyáàfin Ọmọlabí, lójú gbogbo ẹni tó ń kàwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, orúkọ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tẹ̀. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ rárá."

"Tẹ̀ níbo?"

"Lórí kọ̀mpútà, Mà. Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wa."

Ìyáàfin Ọmọlabí bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Mo kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe é. Èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi yìí, ṣó o ti rí mi kí n tẹ̀ ẹ́ rí? Bíṣọ́ọ̀bù kò tíì fọwọ́ kàn án, ìwọ lo wá fẹ́ fọwọ́ kàn án. Gbé ọwọ́ ẹ sókè ká rí i."

Mọ́láyọ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ wò ó, èèpo ìrẹsì ṣì wà lábẹ́ èékánná ẹ̀." Àwọn tó ń kàwé bú sẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ bàbá mi ni wọ́n fẹ́ gbà, Mà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni wọ́n ni."

"Gbàdúrà sí i. Ìwé sì kún orí ṣẹ́ẹ̀fù bámúbámú, lọ kà á."

Mọ́láyọ̀ lọ sídìí ṣẹ́ẹ̀fù. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ sí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé náà ti wà kí wọ́n tó bí i, ìdajì àwọn ilé iṣẹ́ inú rẹ̀ ti kógbá wọlé. Nígbà tó padà wá bẹ Ìyáàfin Ọmọlabí lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin náà ní ó yẹ kí òun bá a wí, kó má bàa di onígbéraga. Ó ní bó ṣe fẹ́ràn kọ̀mpútà tó bẹ́ẹ̀, kó máa wá nu eruku orí ọ̀rá wọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní kọ̀mpútà náà mọ́ ju ohun tí ọwọ́ ọmọ yìí lè kàn lọ, àwọn kan náà ló tún fún un ní àkísà pé kó wá máa nù ún. Ó ń nù ún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì, wọ́n á máa ju ọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan, Ìyáàfin Ọmọlabí jáde lọ gba ìpè, Mọ́láyọ̀ na ọwọ́ sí ògiri, ó tan iná kan. Kọ̀mpútà mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá, ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Inú báàgì Ìyáàfin Ọmọlabí ni páásíwọ́ọ̀dù wà. Ọmọ náà wo ìmọ́lẹ̀ yẹn títí, ó wá pa á, ó ń bá eruku rẹ̀ lọ.

Ó gba káfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì lọ ní Ìbàfò. Ó tẹ orúkọ Àjùmọ̀là bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ohun tó sì jáde ni ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Àjùmọ̀là ṣe fún ara wọn: ẹ̀rọ tó ń dán, àgbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ìrẹsì tó funfun nini. Gbogbo ibi tí àwọn ẹlòmíì ti sọ̀rọ̀ ló ní kó mú páásíwọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá. Ó ní kí wọ́n tẹ àwòrán ẹ̀rọ náà jáde fún òun, kó má bàa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Kò sí àṣìṣe tó tó ìyẹn.

"Bàámi, ohun tí wọ́n sọ nípa ara wọn nìyí," ó wí nígbà tó délé. "Mi ò tíì rí ohun tí ẹlòmíì sọ nípa wọn. Ẹ ṣì ní sùúrù."

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni Ọláwuyì gbọ́. Ó ti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń pe Yésúfù. "Wá wò ó! Ẹ̀rọ tá a rí ní Ifọ̀ nìyí. Ó wà níbi tí Mọ́láyọ̀ wò!"

Síbẹ̀, ó gbìyànjú láti dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojúkòkòrò ló pa á. Rosemary wá, Ọláwuyì ní kó padà wá. Rosemary tún wá, ó ní ọmọ òun ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní yunifásítì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ ti fẹ́ gúnlẹ̀, àwọn ará Ifọ̀ ti fẹ́ gbà á tán." Ọláwuyì pe Mọ́láyọ̀ lórí fóònù.

"Ṣé láíbúrárì yín ti ṣí?"

"Wọ́n ní ó di oṣù tó ń bọ̀, Bàámi. Bíṣọ́ọ̀bù ṣì wà nínú ààwẹ̀."

"Ohun tó o sọ lóṣù tó kọjá nìyẹn. Kí ni ààwẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù kàn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìrẹsì?"

Ṣé kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń nu eruku orí ohun tí òun ń wá ni? Ó ní, "Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣì má fọwọ́ sí i." Bàbá rẹ̀ wo Yésúfù, tó ti ń rẹ́rìn-ín pé ọmọ yunifásítì ló ń dá àgbàlagbà dúró láìní ìdí. Ojú tì í. Ó ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé Rosemary.

Yésúfù kò fọwọ́ sí tiẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n. Ikán ti jẹ ìwé ilẹ̀ tiẹ̀ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí kò dùn ún sọ. Àjùmọ̀là kó ìwé ilẹ̀ Ọláwuyì lọ sí báńkì, wọ́n fi yá owó, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí Ọláwuyì dé ọ́fíìsì tó wà ní Ifọ̀, ìṣó tí wọ́n fi kọ́ àwòrán ẹ̀rọ nìkan ló kù lára ògiri. Báńkì mú ìwé kóòtù àti ọlọ́pàá wá sí Ọ̀fàdà, wọ́n tú ẹ̀rọ, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé, wọ́n fi ṣéènì ti géètì mọ́ sàréè bàbá rẹ̀ nínú ọgbà. Ọláwuyì wá di ẹni tó ń ru àpò ìrẹsì nílé ìparẹsì Yésúfù, Yésúfù sì ń pe orúkọ rẹ̀ gán-ín lójú àwọn oníbàárà.

Kò pariwo mọ́ Mọ́láyọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í. "Àbí kò sí kọ̀mpútà nílé ìwé yín ni?"

"Ó wà, Bàámi," Mọ́láyọ̀ wí. "Èmi ni mò ń nù ún."

Bàbá rẹ̀ kàn mi orí bí ẹni tí kò gbọ́.

Bíṣọ́ọ̀bù dé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Wọ́n kun gbogbo ọgbà, wọ́n pe àwọn òbí, wọ́n pe akọrin. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò tẹ kọ̀mpútà fún Bíṣọ́ọ̀bù kí gbogbo ayé lè rí i. Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe ẹni tó ṣe ipò kìíní? Ìyáàfin Ọmọlabí pè é sí kọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ bá a tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀rọ̀ nípa aṣáájú rere ni wàá tẹ̀ o," ó wí. "Kó o má lọ tẹ nǹkan míì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," Mọ́láyọ̀ dáhùn. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti pinnu ohun tó máa tẹ̀. Ó fẹ́ kí ojú tì wọ́n. Ó fẹ́ kí Bíṣọ́ọ̀bù béèrè ìdí, kí òun sì sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, lójú bàbá òun pẹ̀lú, tó ti yá agbádá wọ̀ wá, tó jókòó sẹ́yìn.

Ní gbọ̀ngàn láíbúrárì, Bíṣọ́ọ̀bù da òróró sórí ọ̀rá. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀rá náà, àwọn èèyàn sì ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ torí òróró tó kàn án. Mọ́láyọ̀ jókòó. Wọ́n ti tan ojú kọ̀mpútà náà sára ògiri ńlá níwájú, Ìyáàfin Ọmọlabí sì tẹ páásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Mọ́láyọ̀ tẹ Àjùmọ̀là. Ó fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ó yan ìwé ìròyìn.

Kò pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń sín. Ìròyìn láti ìpínlẹ̀ míì jáde, èyí tí wọ́n ti kọ ní ọdún méjì ṣáájú, pé Àjùmọ̀là fi ìwé ilẹ̀ àwọn olùparẹsì yá owó ní báńkì, wọ́n sì sá lọ. Àwòrán Rosemary wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbòòrò lára ògiri, orúkọ míì ni wọ́n kọ sí i.

"Kà á fún wa, ọmọ mi," Bíṣọ́ọ̀bù wí.

Mọ́láyọ̀ kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bíṣọ́ọ̀bù wá nàró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Halelúyà! Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ ń ṣe! Ká ní ẹnì kan fẹ́ bá àwọn olè yìí dòwò pọ̀, kọ̀mpútà yìí ì bá ti gbà á là!"

Àtẹ́wọ́ bẹ́ sílẹ̀. Ìyáàfin Ọmọlabí ń sunkún ayọ̀, ó ń sọ fún àwọn tó wà nítòsí pé òun ni òun kọ́ ọ. Mọ́láyọ̀ nàgà sí gbohùngbohùn. "Bàbá mi ni..." Àwọn akọrin ti dá orin sílẹ̀, ẹnì kan sì ti gba gbohùngbohùn lọ. Ó wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Bàbá rẹ̀ ti dìde. Ó ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń nàka sí àwòrán obìnrin náà, ó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀.

Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti dúró de ọkọ̀ Ọ̀fàdà. Wọ́n ti fún Ọláwuyì ní ọ̀rá tiẹ̀ pẹ̀lú, ó ká a mọ́ abíyá.

"Wọ́n ti mú un!" ó wí. "Mo rí ojú ẹ̀ lára ògiri. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ ló kéde ẹ̀, àbí? Ìgbà wo ni wọ́n ní kí n wá gba ìwé ilẹ̀ mi?"

"Wọn ò mú un, Bàámi."

"Kí wá ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

"Pé kọ̀mpútà ṣiṣẹ́. Ìròyìn àtijọ́ ni mo kà. Ó ti wà níbẹ̀ kí obìnrin yẹn tó fẹsẹ̀ tẹ Ọ̀fàdà."

"Níbẹ̀ níbo?"

"Nínú kọ̀mpútà, Bàámi. Lábẹ́ ọ̀rá."

Ọláwuyì wò ó. "Èyí tó o ní ò ń nù?"

"Òun ni."

Ọkọ̀ dé. Ọláwuyì yọ ọ̀rá náà ní abíyá, òróró ṣì ń yọ̀ lára rẹ̀, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Gbà," ó wí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n nù."

Ó wọlé sí iwájú ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.